Ìwàláàyè Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Àpòlúkù ní Ilẹ̀ Japan àti Ilẹ̀ Yúróòpù: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Ìṣirò

1. Ìfáàrà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a nílò bí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ọ̀ràn kan tí ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń jiyàn lé lórí. Ọ̀ràn náà ni pé iye àwọn tí ó máa ń wà láàyè lẹ́yìn tí a bá ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú àpòlúkù wọn kò dọ́gba láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwòsàn 24 ní ilẹ̀ Japan láàárín ọdún 1995 sí 2001, 69 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí a ń pè ní D2 fún ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, nínú ìdánwò tí wọ́n gba aláìsàn sí láàárín ọdún 1989 sí 1993, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà fún tí ó sì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún jẹ́ 47 nínú 100.

Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn ni pé: ṣé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Japan ni ó mọ́ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ni, àbí ara àwọn aláìsàn wọn ni ó le jù? Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyẹn: ṣé ohun kan náà ni ìhà méjèèjì kà? Bí a ó ti rí i, orúkọ tí wọ́n ń lò bára mu, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà dúró fún kò fi ìgbà gbogbo bára mu. Bí atúmọ̀-èdè kò bá ṣọ́ra, yóò kó ìdàrúdàpọ̀ yìí wọ inú èdè Yorùbá. Bí ó bá sì ṣọ́ra, ẹni tí ń ka Yorùbá lè tètè rí ohun tí ó fara pamọ́ fún ẹni tí ń kà á ní èdè mìíràn.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹbí tí dókítà ń sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni ó kù tí wọ́n lè ṣe fún bàbá wọn yóò béèrè pé, "Ẹni mélòó ni ó ń là á já?" Lórí èsì tí wọ́n bá gbọ́ ni wọn yóò ti pinnu bóyá kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n kọ̀, àti bóyá kí wọ́n ta ilẹ̀. Nítorí náà, ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá wọn lóhùn wúwo tó ohun tí ó ń sọ, kí ó má sì wúwo jù ú lọ.

2. Orúkọ ẹ̀yà ara àti orúkọ àrùn

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "inú" àti "ikùn" ni a fi ń pe gbogbo ohun tí ó wà láàárín àyà àti ìdí. Bí a bá sọ pé "inú ń run ún", kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá ìfun ni tàbí ẹ̀dọ̀. Fún ìdí èyí, "jẹjẹrẹ inú" kò tó fún iṣẹ́ wa. "Àpòlúkù", èyí tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti ń lò fún àpò tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí láti ọ̀nà ọ̀fun, ni a ó máa lò.

"Jẹjẹrẹ" kò ní àríyànjiyàn. Ó ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro wà nípa "kókó". Àwọn kan ń lò ó fún ohun tí jẹjẹrẹ ṣù jọ sínú ara, àwọn mìíràn sì ń lò ó fún àwọn ohun kéékèèké tí ó máa ń wú ní abẹ́ àbíyá tàbí ní ìtan bí egbò bá wà ní ọwọ́ tàbí ní ẹsẹ̀. Nínú ọ̀ràn tí a ń yẹ̀ wò yìí, ohun méjèèjì ni a ó máa dárúkọ nínú gbólóhùn kan náà. A dá a lábàá pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní "ìṣù jẹjẹrẹ", láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "ṣù", kí a sì pe èkejì ní "kókó-asẹ́". Iṣẹ́ tí àwọn kókó wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n ń sẹ́ omi tí ó ń padà láti inú ẹran ara kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ti ń ṣe fún ògì. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá já kúrò lára ìṣù, inú asẹ́ yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ há sí.

Àlàyé yìí ni yóò jẹ́ kí àmì D1 àti D2 yé òǹkàwé. Nínú D1, oníṣẹ́ abẹ gé àpòlúkù pẹ̀lú àwọn kókó-asẹ́ tí ó fara mọ́ ọn gan-an. Nínú D2, ó tún lọ yọ àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí àpòlúkù. Ní ilẹ̀ Japan, D2 ti di àṣà tipẹ́tipẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, D1 tàbí ohun tí kò tó o ni wọ́n ń ṣe fún ìgbà pípẹ́.

3. "Ìwàláàyè", "ìyèbọ́" àti "ìwòsàn"

Ẹni tí ọkọ̀ dànù tí kò kú ni a máa ń sọ pé ó yè bọ́. Ewu ti dé, ó sì ti kọjá. Bákan náà ni "là á já": ẹni tí ó bá la odò já ti dé òdìkejì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn létí, àwọn atúmọ̀-èdè sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń kà lẹ́yìn ọdún márùn-ún kì í ṣe bóyá ewu ti kọjá. Ohun tí wọ́n ń kà ni bóyá ẹni náà ń mí. Jẹjẹrẹ lè ti padà wá sí ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kà á. Nítorí náà, "ìwàláàyè ọdún márùn-ún" ni a yàn. "Ìwòsàn" kò bá a mu rárá.

Ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1881, ní ìlú Vienna, Theodor Billroth gé apá kan àpòlúkù obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn rẹ̀ sì dìde lórí ibùsùn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, àrùn náà padà, obìnrin náà sì kú. Ó yè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, kò yè bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjèèjì yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Bí a bá ti yan "ìwàláàyè", ó ku ìbéèrè mẹ́ta tí gbólóhùn wa gbọ́dọ̀ dáhùn: àwọn wo ni a kà, láti ìgbà wo ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àti irú ikú wo ni a kà? Ẹ jẹ́ kí a wo 69 mìíràn. Nínú ìwádìí àgbáyé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ìwàláàyè ọdún márùn-ún fún jẹjẹrẹ àpòlúkù ní Gúúsù Kòréà jẹ́ nǹkan bí 69 nínú 100, ti Japan sì jẹ́ 60, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilẹ̀ yòókù wà láàárín 20 sí 40. Ní ojú, 69 ti Kòréà yìí bá 69 tí a kọ́kọ́ dárúkọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ti Kòréà jẹ́ ti gbogbo àwọn tí a rí àrùn náà lára wọn láàárín ọdún 2010 sí 2014, yálà a ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn tàbí a kò ṣe é, wọ́n sì ti yọ ikú tí ohun mìíràn fà kúrò nínú ìṣirò náà. Ti ìdánwò ilẹ̀ Japan jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí a ṣà: wọn kò tó ẹni ọdún 75, a sì gbà pé a lè gé gbogbo jẹjẹrẹ náà kúrò. Iye kan náà ni, àwọn tí a kà kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà.

4. Kí ni à ń pè ní jẹjẹrẹ?

Ní ọdún 1997, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn onímọ̀ àrùn mẹ́jọ, mẹ́rin láti Japan àti mẹ́rin láti Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, fi maikirosíkóòpù wo ègé ẹran ara 35 tí a mú láti inú àpòlúkù. Ohun kan náà ni wọ́n wò, síbẹ̀ wọn kò fún un ní orúkọ kan náà. Fún àwọn ti ìwọ̀-oòrùn, sẹ́ẹ̀lì kò tíì di jẹjẹrẹ àfi bí ó bá ti ya wọ inú ẹran tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Fún àwọn ti Japan, ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà àti bí ó ṣe tò ti tó láti dá a mọ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn kan pè ní ìdàrú sẹ́ẹ̀lì lásán ni àwọn mìíràn pè ní jẹjẹrẹ.

Àbájáde èyí nínú ìṣirò kò ṣòro láti rí. Bí a bá ka ohun tí kò tíì lè pa ènìyàn mọ́ jẹjẹrẹ, iye àwọn tí ó wà láàyè yóò pọ̀ sí i, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí ìtọ́jú tí ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ àrùn láti ìhà méjèèjì fi pàdé ní Vienna ní ọdún 1998, tí wọ́n sì ṣe ètò ìsọrí kan tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. A lè sọ pé ìpàdé lórí ọ̀rọ̀-ìperí ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní ọdún 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ya irú jẹjẹrẹ àpòlúkù kan sọ́tọ̀, èyí tí kò tíì kọjá awọ inú pátápátá àti awọ kejì tí ó tẹ̀ lé e, yálà ó ti dé inú kókó-asẹ́ tàbí kò tíì dé ibẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ní èdè wọn, àti èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi túmọ̀ rẹ̀, ń sọ nípa àkókò, bí ẹni pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Atúmọ̀-èdè tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò kọ "jẹjẹrẹ ìbẹ̀rẹ̀" tàbí "jẹjẹrẹ àkọ́kọ́". Ṣùgbọ́n jíjìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìṣù kan lè ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì jìn. A dá a lábàá pé kí a pè é ní "jẹjẹrẹ àìjìn", kí èyí tí ó ti wọ inú iṣan ara àpòlúkù tàbí tí ó ti kọjá ibẹ̀ máa jẹ́ "jẹjẹrẹ jíjìn". Níhìn-ín, èdè Yorùbá lè sọ òtítọ́ ju èdè tí a ti túmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìdánwò ilẹ̀ Japan tí a mẹ́nu bà kò gba àwọn tí wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ àìjìn ni ó ń ṣe wọ́n. Ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì gbà wọ́n. Ẹ ṣe àkíyèsí pé èyí ì bá mú kí iye ti Nẹ́dálándì ga ni. Nítorí náà, kò tọ́ kí a rò pé gbogbo àṣìṣe ìfiwéra ni ó ń gbe ilẹ̀ Japan.

5. Ìpele àti ìṣípò-ìpele

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí a ti sọ yìí lè dábàá pé kí a má fi gbogbo aláìsàn wé ara wọn mọ́, kí a fi àwọn ti ìpele kan wé ẹlẹgbẹ́ wọn. "Ìpele" ni a lò fún ibi tí àrùn ti rìn dé. Àbá náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀fìn wà nínú rẹ̀. Láti mọ ìpele, onímọ̀ àrùn gbọ́dọ̀ ka àwọn kókó-asẹ́ tí jẹjẹrẹ ti wọ̀. Iye tí oníṣẹ́ abẹ bá yọ fún un ni yóò rí kà. Ẹni tí ó bá yọ márùn-ún lè má rí jẹjẹrẹ nínú ìkankan. Bí ó bá yọ 30 lára ẹni yìí kan náà, ó lè rí i nínú mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àwọn 100 wà ní ìpele kìíní, tí 80 nínú wọn wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn 100 mìíràn sì wà ní ìpele kejì, tí 30 nínú wọn wà láàyè. Bí a bá túbọ̀ wá kókó-asẹ́ dáadáa, a rí i pé 20 nínú àwọn ti ìpele kìíní jẹ́ ti ìpele kejì ní tòótọ́. Nítorí pé ara wọn kò dá tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, 10 péré nínú wọn ni ó wà láàyè. Bí a bá ṣí wọn nípò, ìpele kìíní yóò ku 80, 70 nínú wọn wà láàyè; èyí ju 87 lọ nínú 100. Ìpele kejì yóò di 120, 40 nínú wọn wà láàyè. Èyí jẹ́ 33 nínú 100. Ìpele méjèèjì ti sàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka àpapọ̀ wọn: 110 nínú 200 ni tẹ́lẹ̀, 110 nínú 200 náà ni báyìí. Ẹnì kan kò jí dìde.

Ní ọdún 1985, Alvan Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun yìí, wọ́n sì fi orúkọ aláwàdà kan, Will Rogers, pè é, nítorí ẹ̀fẹ̀ kan tí a gbọ́ pé ó ṣe nípa àwọn tí ń ṣí láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun fún òǹkàwé Yorùbá tí kò mọ ẹ̀fẹ̀ náà. "Ìṣípò-ìpele" sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ènìyàn kò yí padà, ìpele tí a kọ ọ́ sí ni ó yí padà.

Bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó hàn nínú ìdánwò pàtàkì kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001. Nínú rẹ̀, 54 nínú 100 aláìsàn ni ìyọkúrò kókó-asẹ́ tí wọ́n ṣe fún wọn kò tilẹ̀ tó D1. Láti tún fi kún un, títí di ọdún 2010, ibi tí kókó-asẹ́ wà ni ilẹ̀ Japan fi ń tò ó sí ìpele, nígbà tí ètò àgbáyé ti ń lo iye rẹ̀ láti ọdún 1997. Ọdún 2010 ni ilẹ̀ Japan gba lílo iye, kí ìhà méjèèjì lè máa sọ èdè kan.

6. Ohun tí ó kù lẹ́yìn àtúnṣe ìṣirò

Kò yẹ kí a ti ibi tí a dé yìí parí èrò sí pé gbogbo ìyàtọ̀ náà jẹ́ ti ọ̀rọ̀ lásán. Ìyàtọ̀ gidi wà, ó kéré tán oríṣi mẹ́ta.

Èkíní ni ìgbà tí a rí àrùn náà. Ilẹ̀ Japan ti ń ṣe àyẹ̀wò àpòlúkù fún àwọn tí kò tíì ṣàìsàn láti àwọn ọdún 1960, ó sì di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1983. Ní Kòréà, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ní ọdún méjìméjì. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń rí jẹ́ jẹjẹrẹ àìjìn.

Èkejì ni ibi tí ìṣù wà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìṣù tí ó wà ní òkè àpòlúkù, nítòsí ọ̀nà ọ̀fun, wọ́pọ̀ ju ti ìlà-oòrùn Éṣíà lọ, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì le jù.

Ẹ̀kẹta ni ikú tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ kí aláìsàn tó kúrò ní ilé-ìwòsàn. Nínú ìdánwò ilẹ̀ Nẹ́dálándì, 4 nínú 100 ni ó kú báyìí lẹ́yìn D1, 10 sì kú lẹ́yìn D2. Nínú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, 6.5 àti 13 ni. Ní ilẹ̀ Japan, kò pé 1. Ìdí pàtàkì kan ni pé, nínú D2 ìgbà náà ní Yúróòpù, wọ́n sábà máa ń gé ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní apá òsì ikùn, àti ìrù ẹ̀yà ara tí ń tú oje ìdàoúnjẹ sínú ìfun, mọ́ àpòlúkù. Ìdí mìíràn ni pé aláìsàn tí oníṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ń rí kò pọ̀ tó láti sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ àgbà. Pé èyí kì í ṣe àyànmọ́ ilẹ̀ Yúróòpù hàn nínú ìdánwò ilẹ̀ Ítálì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014: 3.0 ni ó kú lẹ́yìn D1, 2.2 péré sì ni lẹ́yìn D2.

Ìdánwò ilẹ̀ Nẹ́dálándì kò sì parí sí ọdún márùn-ún. Ní ọdún karùn-ún, 45 nínú 100 wà láàyè nínú àwọn ti D1, 47 nínú àwọn ti D2. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé D2 kò wúlò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún kà ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ikú tí jẹjẹrẹ àpòlúkù fà jẹ́ 48 nínú 100 fún D1, 37 fún D2. Ikú kíákíá tí D2 fà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó bo èrè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá pe "ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ" àti "ikú tí jẹjẹrẹ fà" ní "ikú" nìkan kò ní rí èyí láé.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àpòlúkù: àpò inú ara tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí láti ọ̀nà ọ̀fun.
Ìṣù jẹjẹrẹ: ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣù jọ sí ojú kan.
Kókó-asẹ́: kókó kékeré tí ń sẹ́ omi ẹran ara kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀.
Ìdàrú sẹ́ẹ̀lì: ìyípadà sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì di jẹjẹrẹ.
Jẹjẹrẹ àìjìn: èyí tí kò kọjá awọ kejì àpòlúkù.
Jẹjẹrẹ jíjìn: èyí tí ó ti kọjá ibẹ̀.
Ìpele: ibi tí àrùn ti rìn dé nínú ara.
Ìṣípò-ìpele: kíkọ aláìsàn sí ìpele mìíràn nítorí pé àyẹ̀wò yí padà, kì í ṣe nítorí pé ara rẹ̀ yí padà.
Ìwàláàyè ọdún márùn-ún: iye nínú 100 tí ó wà láàyè ní òpin ọdún karùn-ún, yálà ara wọn dá tàbí kò dá.
Ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ikú kí aláìsàn tó kúrò ní ilé-ìwòsàn, tàbí láàárín iye ọjọ́ tí a dárúkọ.
Ikú tí jẹjẹrẹ fà: ikú tí àrùn náà fúnra rẹ̀ fà, láìka ti ohun mìíràn mọ́ ọn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé iye méjì tí orúkọ wọn bára mu lè má jẹ́ iye ohun kan náà. Apá kan nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Japan àti Yúróòpù wá láti inú àwọn tí a kà, láti inú ohun tí a pè ní jẹjẹrẹ, àti láti inú iye kókó-asẹ́ tí a yẹ̀ wò. Apá kan jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, a sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, nítorí pé ìlà-oòrùn Éṣíà kọ́ bí a ti ń tètè rí àrùn náà, àwọn ará Ítálì sì kọ́ bí a ti ń ṣe D2 láìpa aláìsàn.

A rọ àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ń kọ iye ìwàláàyè sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kọ àwọn tí a kà, ìgbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀, àti irú ikú tí a kà sí gbólóhùn kan náà. Bí ẹbí aláìsàn bá sì béèrè pé ẹni mélòó ni ó ń là á já, kí ẹni tí yóò dáhùn sọ ti ilé-ìwòsàn tí ọ̀bẹ yóò ti kan ara ẹni wọn, kí ó má jẹ́ pé 69 tí a ṣírò ní ibi tí ó jìnnà ni yóò fi dá wọn lóhùn.